Wáyà Kan, Etí Mẹ́rin

Orin ni Mìkáílù kọ́kọ́ gbọ́ kí ó tó rí ẹni tó ń kọ ọ́. Ọyẹ́ ọdún náà mú. Ojú ọ̀nà ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ funfun bíi pé wọ́n da ẹ̀lùbọ́ sí afẹ́fẹ́, àwọn aláte kò sì tíì tú ẹrù wọn. Láti inú kùrukùru yẹn ni ohùn obìnrin kan ti ń bọ̀, ó ń kọ wákà, ó sì ń kọ ọ́ sókè bí ẹni tó dá nìkan wà nínú balùwẹ̀. Lẹ́yìn náà ni bàtà kánfáàsì funfun yọ, ṣòkòtò eré ìdárayá aláwọ̀ ewé yọ, ìborùn tí ọmọbìnrin náà wé mọ́rí pinpin yọ. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti abẹ́ ìborùn yẹn sọ̀kalẹ̀ wá sí ìbàdí rẹ̀, níbi tí àpótí kékeré kan ti ń fò sókè sódò bí ó ti ń sáré.

Alápatà tó ń pọ́n ọ̀bẹ lódìkejì títì bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí ò mọ̀ pé a ń gbọ́ òun."

Mìkáílù kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìgbálẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ dúró, ó dẹtí sí orin náà títí kùrukùru fi gbé e mì.

Àtúnṣe rédíò ni iṣẹ́ Mìkáílù, kò sì sí ọ̀gá tó kọ́ ọ. Nígbà tó wà lọ́mọdé ni rédíò bàbá rẹ̀ dákẹ́. Bàbá náà ní kí wọ́n gbé e jù sí ààtàn, Mìkáílù sì bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé e fún òun. Ó tú u palẹ̀ sórí ẹní, ó wo ohun tó so mọ́ ohun, ó tò ó padà, ó tún tú u. Ó pẹ́ kí rédíò náà tó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà ni etí rẹ̀ ti kọ́ láti máa wá ibi tí nǹkan ti ń dùn án nínú ohùn ẹ̀rọ. Nísinsìnyí tó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lẹ́bàá Akẹ̀sán, inú rẹ̀ náà ló ń sùn, nítorí rédíò oníbàárà kì í ṣe ohun tí à ń fi sílẹ̀ fún kọ́kọ́rọ́ nìkan.

Ó mọ wákà tí ọmọ náà ń kọ. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló kọ ọ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì, ó sì máa ń ròkè dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà ti ń kọ ọ́, ó ń wọ́lẹ̀ bí obìnrin tó ru igi gun òkè. Lọ́jọ́ kejì, ó tún wọ́lẹ̀ sí i. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi máa parí, Mìkáílù ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tí orin bá kún etí rẹ̀ kì í gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ohun tí ẹ̀rọ bá gbé fún un ló ń gbé jáde. Ohùn ọmọ náà kò ní àbùkù kankan. Ẹ̀rọ ìbàdí rẹ̀ ló ń ṣàìsàn.

Ó pè é. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́." Kò gbọ́. Ó sáré tẹ̀ lé e, sálúbàtà rẹ̀ já. Ọmọbìnrin náà bojú wẹ̀yìn, ó rí ọkùnrin kan tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, tó mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, tó ń lé òun bọ̀, ló bá fi kún eré rẹ̀.

Alápatà ní, "Mìkáílù, ṣé ìgbálẹ̀ lo fi ń wá ìyàwó ni?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Mìkáílù wọ aṣọ gidi, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó sì na róbà kékeré kan sáàárín ìka méjì. Bí ọmọ náà ti yọ, ó na róbà náà títí ó fi le, ó dẹ̀ ẹ́ títí ó fi rọ̀, ó wá nawọ́ sí àpótí ìbàdí ọmọ náà. Ẹsẹ̀ ọmọ náà falẹ̀. Ó yọ wáyà kúrò ní etí kan.

"Kí nìyẹn?"

"Róbà ni. Èyí tó wà nínú ẹ̀rọ yín ti dẹ̀."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ẹ̀yin ni. Láti ọjọ́ tí ẹ ti ń kọrin kọjá níbí."

Ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ṣé ẹ máa ń gbọ́ mi ni?"

"Gbogbo Akẹ̀sán ló ń gbọ́ yín."

"Mo gbé. Mi ò gba ibí mọ́ láé."

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ni alápatà yẹn fi ń mọ ìgbà tó yẹ kó pọ́n ọ̀bẹ."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó lè mú un. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó ní Kúbúrátù ni orúkọ òun, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, àti pé òun ń kẹ́kọ̀ọ́ eré ìdárayá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tó wà nílùú. Àbúrò bàbá rẹ̀ tó lọ sí Mẹ́kà ló ra wọ́kímáànù náà bọ̀ fún un. Ìdíje àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ń bọ̀, òun ni wọ́n sì mú fún eré ọlọ́nà jíjìn, ṣùgbọ́n ọ̀gá eré ìdárayá wọn ti ń pariwo pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wúwo lójoojúmọ́.

"Orin ni mo fi ń gbé ẹsẹ̀," ló wí. "Bí wọ́n bá ti ń pàtẹ́wọ́ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mò ń tẹ ilẹ̀."

Mìkáílù ti tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Ó gbé e sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò ti wọ inú rẹ̀. "Ẹ sún mọ́ mi, ẹ wò ó. Mọ́tò tín-ín-rín yìí ló ń yí. Kò lè dá yí kásẹ́ẹ̀tì, róbà yìí ló ń gbé agbára rẹ̀ débẹ̀. Bí róbà bá dẹ̀, mọ́tò á máa sá eré tirẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì á máa wọ́ ẹsẹ̀. Orin á máa falẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ẹni tó ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ ò fi ní mọ̀."

Kúbúrátù tẹjú mọ́ inú ẹ̀rọ náà. "Ìyẹn ni pé kì í ṣe ẹsẹ̀ mi ló rẹ̀."

"Róbà ló rẹ̀."

Ó fi róbà tuntun sí i, ó fi òwú àti sípíríìtì nu ibi tí téèpù ń gbà kọjá, ó dé e padà. Kúbúrátù ti wáyà bọ etí. Ojú rẹ̀ là. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lábẹ́ bẹ́ǹṣì kí òun fúnra rẹ̀ tó dìde.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyí?" ló kígbe sí Mìkáílù létí, nítorí kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Mìkáílù náà kígbe padà, ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun ti kó sí wàhálà tó dùn.

Láti ọjọ́ náà, kò sí òwúrọ̀ tí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kì í mọ́ ju ti gbogbo ọjà lọ. Á ti gbálẹ̀ tán, á tún máa gbá a, títí orin náà yóò fi dé. Kúbúrátù gbìyànjú láti pa ẹnu mọ́ bó bá dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n orin kì í gbà. Bó bá ti kọjá, á na ọwọ́ kan sókè láìbojú wẹ̀yìn. Ọwọ́ yẹn ni Mìkáílù fi ń jẹun òwúrọ̀.

Ọjọ́ kan, Kúbúrátù ṣàròyé pé ariwo ọkọ̀ ń bá orin jà létí òun. Mìkáílù gé fóòmù lára àga kan tó ti bàjẹ́, ó rán an yípo bí àkàrà kékeré méjì, ó fi bo ibi tí ohùn ń gbà jáde. Ó dán an wò títí, ó yọ díẹ̀, ó fi díẹ̀ kún un. Nígbà tí ó gbé e fún un, inú rẹ̀ dùn bí inú ẹni tó kọ́ ilé.

"Ní báyìí, bí wọ́n bá ń lu agogo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, orin nìkan lo máa gbọ́."

Òótọ́ ló sọ. Bó bá mọ ohun tí fóòmù náà máa dá sílẹ̀ ni, ì bá fi í sílẹ̀ lára àga.

Kúbúrátù ṣe ipò kejì nínú ìdíje náà. Nígbà tó wá sọ fún Mìkáílù, ó bá a níbi tó tẹ̀ ba sórí rédíò bí adìẹ tó sàba.

"Bọ̀dá Mìkáílù, bí ẹ ṣe ń jókòó látàárọ̀ dalẹ́ yìí, ikùn ni ẹ fẹ́ ní."

"Ikùn ọlá ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kí ọlá kọ́kọ́ dé ná. Ẹ wá bá mi sáré lọ́jọ́ Sátidé."

Ó ra bàtà kánfáàsì. Ọ̀nà tó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n gbà nírọ̀lẹ́, níbi tí ilé ti tán tí oko bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tó rìn jìnnà, Mìkáílù ti di ìhà mú. Kúbúrátù ń sáré yí i po, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá onírédíò, bátìrì ti tán ni?"

"Kò yẹ kó o fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwọ ní orin tó ń tì ọ́ lẹ́yìn, èmi ò gbọ́ ju èémí ara mi lọ."

Ohun tí ó wí yìí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ó fi irin gbígbóná jó wáyà etí kejì mọ́ ti àkọ́kọ́, wọ́n jọ ní ẹnu kan tí wọ́n fi ń wọ inú ẹ̀rọ. Nígbà tó di Sátidé, àpótí wà ní ìbàdí Kúbúrátù, àwọn méjèèjì sì ń gbọ́ orin kan náà ní àkókò kan náà. Ìṣòro kan ló wà níbẹ̀: wáyà náà kò gùn. Bí ọ̀kan bá sáré ju èkejì lọ, ẹnu wáyà á yọ, orin á sì dákẹ́ fún àwọn méjèèjì. Nítorí náà, Kúbúrátù kọ́ láti fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, Mìkáílù kọ́ láti na tirẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tó ń ti oko bọ̀ máa ń dúró wò wọ́n. Ọ̀kan ní, "Wáyà kan, etí mẹ́rin. Ayé ti dé ibi tó ń lọ."

Nírọ̀lẹ́ kan tí oòrùn ti ń pọ́n lẹ́yìn igi kaṣú, Mìkáílù sọ ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ojú rẹ̀ sí iwájú. Kúbúrátù ń sáré lọ, ó ń mi orí sí orin. Mìkáílù rántí pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni fóòmù tó wà létí rẹ̀. Ó dúró gbagidi. Wáyà já kúrò lára ẹ̀rọ, ó bọ́ sínú eruku, gbogbo ayé sì dákẹ́.

Kúbúrátù yíjú padà. "Ẹ sọ nǹkan."

"Mo sọ nǹkan."

"Ẹ tún un sọ. Orin ti dákẹ́."

"Mo ní mo fẹ́ kó o jẹ́ ìyàwó mi."

Kúbúrátù bẹ̀rẹ̀, ó mú ẹnu wáyà náà, ó fi etí aṣọ nù ún títí eruku fi tán. "Ẹ jẹ́ kí n tì í bọ̀ ọ́ padà. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń ronú." Wọ́n tún sáré. Orin kan parí, òmíràn bẹ̀rẹ̀, ọkàn Mìkáílù ń lu ìlù tí kò sí nínú kásẹ́ẹ̀tì kankan. Nígbà tí òmíràn náà parí, Kúbúrátù yọ wáyà etí rẹ̀.

"Ó dáa," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń mí."

Ó wá ku kí ìyá Mìkáílù rí i. Bàbá ti di olóògbé, ìyá nìkan ló kù tó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mọ̀ríámọ̀ ni orúkọ ìyá náà, Ìyá Onígbá ni àdúgbò ń pè é, nítorí igbá fínfín ló ń tà. Ilé rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ìlú, ó jìnnà díẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù ọmọ rẹ̀. Láràárọ̀ tí wọ́n bá ti kírun Àsùbá tán, á jókòó sórí àpótí níwájú ilé, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, títí oòrùn yóò fi yọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n lọ. Kúbúrátù ró ìró, ó wọ bùbá, ó fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà."

"Kú ìrọ̀lẹ́, ọmọ mi. Dìde, jẹ́ n rí ojú ẹ." Ìyá náà wò ó. Ó wo ojú rẹ̀, ó wo ìdúró rẹ̀, ó tún wo ojú rẹ̀. "Fi ọwọ́ bo etí rẹ méjèèjì."

Mìkáílù ní, "Ìyá, kí ló dé?"

"Kó bò ó ná."

Kúbúrátù fi ọwọ́ bo etí. Ìyá náà mi orí. "Òun náà ni. Oníwáyà."

Ìyá náà kò pariwo, bí ẹni tó ń ka iye igbá ló ṣe ń sọ ọ́. "Ọmọ yìí máa ń sáré kọjá níwájú mi láàárọ̀. Mo kí i. Mo ní, 'O kú ìdárayá o, ọmọ mi.' Ó kọjá. Mo tún kí i lọ́jọ́ kejì. Ó kọjá. Àgbà ló ń kí ọmọdé, ọmọdé ò dáhùn, bíi pé igi ló sọ̀rọ̀. Ní Ọ̀yọ́ yìí. Nígbà tó yá, mo dákẹ́."

"Ìyá, èmi ni mo fa ọ̀rọ̀ yìí," ni Mìkáílù wí. Ó mú wọ́kímáànù náà jáde nínú àpò Kúbúrátù, ó fi wáyà bọ ìyá rẹ̀ létí, ó tẹ̀ ẹ́. Orí ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì díẹ̀díẹ̀ sí wákà. Mìkáílù dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ níbi tí kò ti lè rí i. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ìyá mi." Ìyá kò dáhùn. Ó tún un kí. Ìyá ń mi orí lọ.

Mìkáílù dìde, ó yọ wáyà náà. "Mo kí yín nísinsìnyí, ẹ ò dáhùn."

"O kí mi?"

"Mo kí yín lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ni mo rán fóòmù yẹn, òun ló dí i létí."

Ìyá náà yí ẹ̀rọ náà lọ́wọ́, ó tẹ fóòmù wò. "Ó dáa. Mo gbà pé ó ń dí etí." Ó gbé e lé e lọ́wọ́. "Ṣùgbọ́n etí ni wáyà wà, kò sí lójú. Mi ò sì jókòó sínú ihò. Bí etí ò bá gbọ́, ṣé ojú ò rí mi ni? Ṣé eékún ò lè tẹ̀?"

Ẹnu Kúbúrátù là díẹ̀ bíi pé ó fẹ́ sọ nǹkan, ó sì tún pa á dé.

"Mi ò bá ọ jà, ọmọ," ni ìyá náà wí. "Omi tútù wà nínú àmù, mu ún kó o tó lọ. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé yìí kì í ṣe ti Mìkáílù nìkan. Àwọn tó wà lójú ọ̀nà yìí ló bá mi tọ́ Mìkáílù, àwọn náà ni yóò bá yín tọ́ ọmọ. Èwo nínú wọn lo mọ̀? Ta lo kí rí?"

Kúbúrátù kò mọ ẹnì kankan.

Ọlidé kọ́lẹ́ẹ̀jì dé, Kúbúrátù lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣọ́ọ̀bù Mìkáílù kún fún rédíò tó ń sọ̀rọ̀, síbẹ̀ ó dà bíi pé kò sí ẹni tó ń fọhùn níbẹ̀. Alápatà pàápàá kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Mìkáílù gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré láàárọ̀, ó gbé ìgbálẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń wá ibi tí wáyà ti já nínú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n èyí tó já yìí, àárín ènìyàn méjì tó fẹ́ràn ni, kò sì mọ ibi tí yóò ti fi irin jó o. Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó wọ ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́.

Ní Takie, àárín ìlú náà, ni Kúbúrátù ti wá pàdé rẹ̀, lábẹ́ ìbòòji àwọn aláṣọ. Oòrùn ti fi kún dúdú rẹ̀. Ó ní òun ń sáré ní ọ̀nà oko Iresa, láìsí wáyà.

"Kí lò ń gbọ́?"

"Ẹyẹ. Àti àwọn àgbẹ̀ tó ń bi mí pé ta ló ń lé mi."

Mìkáílù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. "Lọ́jọ́ yẹn, o fẹ́ sọ nǹkan fún ìyá. Mo rí i."

Kúbúrátù wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo máa ń rí wọn. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ojú mi ò fọ́. Mo ń rí ẹnu wọn tó ń mì, tẹ̀sùbáà sì wà lọ́wọ́ wọn. Mo rò pé àdúrà ni wọ́n ń ṣe. Ṣé a máa ń kí ẹni tó ń ka tẹ̀sùbáà ni?"

Mìkáílù dìde. "Jẹ́ kí n padà lọ sọ fún wọn. Ọkọ̀ ṣì wà."

"Ẹ jókòó."

"Kúbúrá, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn."

"Kò tán. Bí ẹ bá sọ ọ́, wọ́n á ní mo rán yín wá ṣàwáwí. Wọn ò sì purọ́ tán. Kì í ṣe àwọn nìkan ló wà lójú ọ̀nà yẹn, àwọn tó kù ò mú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́." Ó gbójú sókè. "Ẹ má sọ fún wọn. Ẹ bá mi mú un bẹ́ẹ̀."

"Kí lo wá fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ kí wọn."

"Ìyá?"

"Gbogbo wọn."

Mìkáílù wò ó pẹ́. "Bí ìyá bá tún kọ̀ ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn ní Ọ̀yọ́. Ẹ̀yin tí ẹ lè kí ènìyàn títí ọbẹ̀ á fi tutù."

Nígbà tí ilé ìwé wọlé, ó gbé wọ́kímáànù náà sílẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù Mìkáílù, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ilé àkọ́kọ́ ní ojú ọ̀nà ìsàlẹ̀ ni ti Bàbá Anas, arúgbó télọ̀. Kúbúrátù sáré débẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó kí i. Bàbá náà ní ọmọ ta ni. Ó ní ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá ní ilé wo. Ó sọ ọ́. Bàbá ní ṣé kò mọ Àlàájì kan báyìí báyìí. Kò mọ̀ ọ́n. Bàbá ṣàlàyé Àlàájì náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀, ó sì fún un ní abẹ́rẹ́ kó bá òun ki òwú bọ̀ ọ́. Ní ilé kejì, wọ́n gbé ọmọ lé e lọ́wọ́ kí ìyá ọmọ lè pọn omi. Kí ó tó dé ìdajì ọ̀nà, oòrùn ti yọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì tíì gbóná.

Bẹ́ẹ̀ ló ń rí láràárọ̀. Ọ̀gá eré ìdárayá wọn ní irú eré wo nìyí tí ènìyàn á sá tí aṣọ rẹ̀ ò ní tutù. Ṣùgbọ́n Kúbúrátù kò yẹ ọ̀nà. Bó bá dé ọ̀dọ̀ Ìyá Onígbá, á kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé ẹ jí dáadáa?"

"Hẹn," ni ìyá náà máa ń wí. Kò fi nǹkan kan kún un.

Ojoojúmọ́ ni Mìkáílù ń bi í pé kí ni ìyá sọ. Ojoojúmọ́ ni Kúbúrátù ń dáhùn pé, "Wọ́n ní hẹn." Nígbà mìíràn, á fi kún un pé, "Hẹn ti òní gùn díẹ̀."

Ojú ọ̀nà náà ló kọ́kọ́ yí padà. Bí ọmọ náà bá pẹ́, Bàbá Anas á yọ orí. "Ìyá Onígbá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn ò tíì kọjá lónìí o. Abẹ́rẹ́ mi ń dúró."

"Ṣé èmi ni mo bí i?" ni ìyá náà á wí, ṣùgbọ́n òun náà á na ọrùn wo ọ̀nà.

Ó ṣẹlẹ̀ lówùúrọ̀ kan pé rédíò ìyá náà kọ̀, Mìkáílù sì ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n kírun tán, ó jókòó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó tú rédíò sílẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti rí Kúbúrátù tó dé. Ìyá rẹ̀ ń ka tẹ̀sùbáà, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń mì. Kúbúrátù kúnlẹ̀, kò sì sọ nǹkan. Ilẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ ilé ìwé kọjá, ọkọ̀ kan kọjá, ó ṣì kúnlẹ̀ síbẹ̀. Mìkáílù gbàgbé irin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá náà parí, ó fi ọwọ́ méjèèjì pa ojú, ó sì rí i.

"O ti wà níbẹ̀ látìgbà wo?"

"Ó ti tó díẹ̀, mà."

"Kí ló dé tí o ò kí mi?"

"Ẹ ń ka tẹ̀sùbáà, mà. Mi ò fẹ́ dá yín lẹ́nu dúró."

Ìyá náà fẹ́ dìde, ó tún jókòó. Ó wo tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀, ó wo ọmọ náà. "Nígbà tí wáyà wà létí rẹ ńkọ́?"

Kúbúrátù kò gbórí sókè. "Nígbà yẹn náà, mà. Mo ń rí ẹnu yín. Mo rò pé àdúrà ni. Bí mo bá ti ń kọjá, mo máa ń ṣe àmín."

"O ń ṣe àmín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ìyá Onígbá tẹ̀ síwájú lórí àpótí. "Ọmọ yìí, mo sọ pé mo dákẹ́ nígbà tí o ò dáhùn. Mi ò dákẹ́. Èébú ni mò ń bú ọ."

Kúbúrátù rò ó wò. "Mo ti ṣe àmín sí i, mà."

Ẹ̀rín kan jáde lẹ́nu ìyá náà, òmíràn tẹ̀ lé e, títí tẹ̀sùbáà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Anas yọ orí lójú fèrèsé láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, ìyá náà fi etí ìborùn nu ojú.

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn?"

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń sọ̀rọ̀, mà."

Èyí wọ ìyá náà lára. Ó mú tẹ̀sùbáà rẹ̀ nílẹ̀. "Kí ni oríkì rẹ?"

"Àwẹ̀ró, mà."

"Àwẹ̀ró," ni ìyá náà pè é, bí ẹni tó ń tọ́ nǹkan wò lẹ́nu. "Àwẹ̀ró, dìde kúrò nílẹ̀, eékún rẹ á dápàá." Ó wá gbé ohùn sókè sínú ilé. "Mìkáílù, fi rédíò yẹn sílẹ̀. Mi ò tíì rí ẹni tó ń tún rédíò ṣe tí ilé á pa rọ́rọ́ báyìí. Lọ bá àwọn àbúrò bàbá rẹ, kí wọ́n múra àtilọ sí Ògbómọ̀ṣọ́."

Wọ́n lọ, àwọn ará ilé Kúbúrátù sì gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tí òjò ọdún náà dáwọ́ dúró, wọ́n so yìgì ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n mú ìyàwó wá sí Ọ̀yọ́. Kúbúrátù kò lè wọ ilé kíákíá, nítorí gbogbo ẹnu ọ̀nà ni ènìyàn wà, kò sì sí èyí tí ó lè kọjá láìkúnlẹ̀. Bàbá Anas ní kó má kúnlẹ̀ lónìí, aṣọ rẹ̀ á dọ̀tí, ó sì kúnlẹ̀.

Wọn kì í jẹ́ kí ìyàwó wọ ilé ọkọ láìfọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó ilé kan ti gbé omi tútù wá, ṣùgbọ́n Ìyá Onígbá gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mìkáílù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ náà, ẹsẹ̀ tó le ní àtẹ́lẹsẹ̀, tí bàtà kánfáàsì ti fi àpá sí lórí ọmọ-ìka.

"Ẹsẹ̀ yìí ti sáré kọjá níbí títí," ni ìyá náà wí. "Ṣé ó ti rẹ̀ ẹ́?"

"Rárá, mà."

"Ó dáa. Eré tó o bá fẹ́ sá, máa sá a." Ó da omi náà sórí ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó da á sórí ti òsì. "Ibí ni kó o ti máa gbéra, Àwẹ̀ró. Ibí náà ni kó o máa darí wá sí."

Ó na ọwọ́ sí i. Kúbúrátù di ọwọ́ náà mú, Mìkáílù sì yà kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí ó lè wọlé.